Kànmí Oríjínà àti Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Eli

Ìwọ tí wọ́n ki ìwé yìí bọ abẹ́ wiper ọkọ̀ ẹ, dúró ná. Má tíì rún un mọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ò ń kánjú. Gbogbo ará Atlanta ló ń kánjú. Ìlú yìí nìkan ni mo ti rí ọkọ̀ òkú tó sáré kọjá mi lórí highway bí ẹni pé òkú inú ẹ̀ ti pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí ò gùn, a ò sì ní tọrọ owó lọ́wọ́ ẹ. Tí kò bá kàn ẹ́, jù ú nù. Àmọ́ ó kàn ẹ́. Tí kò bá kàn ẹ́, kí lò ń kà láti ẹ̀ẹ̀kan?

Ọkùnrin kan wà ní Norcross, Oyèkànmí lorúkọ ẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe, àwọn ọkọ̀ alágbára tí àwọn Amẹ́ríkà ṣe nígbà tí bàbá ẹ ò tíì mọ ìyá ẹ. Muscle car ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ́ńjìnnì wọn tóbi ju yàrá tí ò ń sùn lọ. Tí Kànmí bá sítáàtì ọ̀kan ní Norcross, àwọn ọmọ jòjòló á bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní Riverdale. Riverdale o, ní òdìkejì Atlanta! O mọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó.

Jẹ́ n ṣàlàyé fún ẹ, torí mo rí i pé Camry lò ń wà.

Àwọn tó ń ra ọkọ̀ yìí, dídán ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń wò. Oríjínà ni wọ́n ń wá. Ṣé ẹ́ńjìnnì tí fáktírì gbé sínú ẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ló ṣì wà nínú ẹ̀? Ṣé nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì bá nọ́ńbà ara ọkọ̀ mu? Tí ẹni tó kọ́kọ́ rà á bá ti ní kí fáktírì fi nǹkan kan kún un, nǹkan tí àwọn ẹlòmíì ò béèrè fún, nǹkan yẹn ló ń sọ ọkọ̀ di góòlù. Ó lè jẹ́ aago kékeré lásán. Àwọn àgbà ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa ka nọ́ńbà ara irin bí ẹni ń ka lẹ́tà ìfẹ́.

Kànmí mọ gbogbo ẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n débi pé ohun tí fáktírì bá gbàgbé láti fi sí ọkọ̀, Kànmí á bá wọn fi sí i, á sì búra pé àwọn ni. Á lu nọ́ńbà tuntun sára ẹ́ńjìnnì, á da ásíìdì lé e kó lè gbó. Á kọ ìwé tuntun, á fi Lipton pa á láró, á sá a sí oòrùn. Ìwé tó kọ láàárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, wàá búra pé Nóà ló kó o wọ inú ọkọ̀ ẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ará ilé wa tó wà níbí fi ń pè é ní Kànmí Oríjínà. Ó gba orúkọ yẹn, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sára fìlà fún òun.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Kànmí á gbé ìyàwó ẹ̀, Ṣìkẹ́mi, dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Òun fúnra ẹ̀ á dúró sí parking lot, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kí pásítọ̀ tó ka Bíbélì tán, ìdajì ẹgbẹ́ ọkùnrin ti yọ́ jáde wá bá a. Àwọn kan ní àwọn fẹ́ lọ tọ̀. Ọlọ́run ló mọ irú àpòòtọ̀ tí wọ́n ní.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Déolú. Àtìgbà tí wọ́n ti wà ní ṣòkòtò péńpé ni wọ́n ti jọ ń ṣe. Ilé ìwòsàn ni Déolú ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń kọ́ àwọn tí ẹsẹ̀ wọn rọ bí wọ́n ṣe máa tún rìn. Onígbàgbọ́ ni, ti òótọ́. Ó máa ń jáde wá bá Kànmí lójú oòrùn.

"Kànmí, o ò ní wọlé?"

"Wọlé ṣe kí ni? Ọlọ́run ò rí mi láti ibí yìí ni?"

"Ó ń rí ẹ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tó máa yẹ nọ́ńbà tìẹ náà wò."

"Kó máa bọ̀. Á bá a mu. Èmi fúnra mi ni mo lù ú."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Déolú náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ tiẹ̀ ò pẹ́.

Lóṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, bàbá kan wá sí ṣọ́ọ̀bù Kànmí. Eli lorúkọ ẹ̀, aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Riverdale ló ń gbé. Ọmọ ẹ̀ obìnrin, Joanna, ló wakọ̀ gbé e wá, torí jẹjẹrẹ ti wọ bàbá náà ní ẹ̀dọ̀fóró. Tó bá sọ̀rọ̀ mẹ́ta, á sinmi.

Èdè wọn ni wọ́n ń sọ o, èmi ni mo ń bá ẹ tú u.

Eli ní, "Wọ́n ní ìwọ lo lè wá ọkọ̀ rí."

Kànmí ní, "Bàbá, tí ọkọ̀ bá wà nínú ikùn ẹja, màá rí i."

Ni Eli bá yọ ìwé kan jáde nínú pọ́ọ̀sì ẹ̀. Káàdì ìǹṣọ́ráǹsì àtijọ́ ni, ó ti fẹ́ẹ̀ já sí méjì. Nọ́ńbà ọkọ̀ kan wà lára ẹ̀, Chevelle ti ọdún 1970. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, James, ló rà á ní tuntun, lóṣù kẹta ọdún yẹn. Ọmọ ogún ọdún ni James nígbà náà, Eli jẹ́ mẹ́tàlá. James ní kí fáktírì gbé ẹ́ńjìnnì tó tóbi jù lọ sínú ẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ra ẹ́ńjìnnì yẹn, ìjókòó méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n fi síwájú, kó lè rí bíi ti eléré ìje. James ní rárá. Ó ní ìjókòó gbọọrọ kan ṣoṣo ni kí wọ́n fi síwájú, kí màmá wọn lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wíńdò, kí Eli sì wà láàárín.

Eli ní, "Àárín yẹn ni mo jókòó sí fún oṣù mẹ́ta gbáko. James máa ń mu sìgá, ó máa ń fẹ́ èéfín ẹ̀ sókè kó má baà kàn mí lójú."

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta yẹn, ìjọba mú James lọ sí ogun Vietnam. Kò padà. Màmá wọn ta ọkọ̀ náà, torí gbogbo ìgbà tó bá rí i níwájú ilé, ó máa ń rò pé James ti dé.

"Bá mi wá a," ni Eli sọ. "Ibi yòówù kó wà."

Gbọ́ ohun tí Kànmí ṣe. Ó wá a, ó sì rí i.

Àní ọkọ̀ James gan-an! Nínú gbogbo ọkọ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà, tó pọ̀ ju iyanrìn létí òkun lọ, Kànmí rí i láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Alabama ló wà, lẹ́yìn oko àgbẹ̀ kan. Ó ti dógùn-ún tán. Wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tipẹ́, igi sì ti hù gba ibi tí ẹ́ńjìnnì wà jáde. Ilẹ̀ ẹ̀ ti jẹrà. Ìjókòó gbọọrọ yẹn wà níbẹ̀, síprín­gì ẹ̀ nìkan ló kù. Àmọ́ lábẹ́ gíláàsì iwájú, irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sí ṣì wà. Kànmí fi àtàǹpàkò nu ún. Ó bá káàdì Eli mu, láti orí dé ìdí.

Fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Nọ́ńbà Eli wà nínú fóònù náà.

Kò pè é. Ó dúró lábẹ́ igi yẹn, ó ń ṣírò. Tó bá ní òun fẹ́ tún eléyìí ṣe, ọdún méjì. Eli ò ní ọdún méjì. Tó bá gbé e fún un báyìí, ta ló fẹ́ ra irin jíjẹrà? Ta ló máa gbóríyìn fún Kànmí Oríjínà? Ṣùgbọ́n tó bá ra Chevelle mìíì, tó ṣe é kó dán, tó wá kan nọ́ńbà yìí mọ́ ọn, oṣù mẹ́ta ti tó. Ohun kan ṣoṣo ló kù: tí èyí tó dógùn-ún yìí bá ṣì wà níbí, ẹnì kan lè rí i lọ́jọ́ kan.

Ó fi screwdriver yọ irin nọ́ńbà náà. Ó ranṣẹ́ pe àwọn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọkọ̀ pa. Ó dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ tó fi rí bí àpótí aṣọ. Lẹ́yìn náà ló lọ jẹ adìẹ díndín.

Ní Morrow, nítòsí Riverdale, ló ti ra Chevelle kejì, ọkọ̀ lásán tí ìyá àgbà kan máa ń gbé lọ ra tòmátò. Kànmí gbé ẹ́ńjìnnì ńlá sínú ẹ̀, ó lu nọ́ńbà sí i lára, ó wá ìjókòó gbọọrọ fún un. Ó kan irin nọ́ńbà ọkọ̀ James mọ́ ọn. Ó wá jókòó, ó kọ ìwé tí àwọn tó ta ọkọ̀ fún James ì bá ti kọ: orúkọ James, àwọ̀ ọkọ̀, gbogbo ohun tó ní kí fáktírì fi kún un, àti ọjọ́ tó rà á. Ó da Lipton sí i. Nígbà tó ku ọ̀la kí Eli wá gbé e, ó ra páálí sìgá kan, ó ti gbogbo wíńdò, ó sì mu sìgá mẹ́fà sínú ọkọ̀ náà. Kànmí ò mu sìgá rí láyé ẹ̀. Ó wú ikọ́ débi pé ó ku díẹ̀ kí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ jáde.

Nígbà tí Eli dé, kò lọ síbi tí dírẹ́bà ń jókòó. Ẹ̀gbẹ́ wíńdò ló gbà wọlé, ó rọra fà dé àárín, ó sì jókòó síbẹ̀. Ó fi imú fa afẹ́fẹ́.

"Joanna," ló ní, "ó ṣì ń rùn sìgá ẹ̀."

Bàbá náà sunkún bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ilẹ̀ tí màmá wọn fi sílẹ̀ ló tà kó tó lè ra ọkọ̀ yẹn. Kànmí dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń ya fídíò.

Oṣù méjì kọjá. Ó wá di ọ̀sán Túsìdeè kan, Joanna nìkan ló wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ìwé tí Kànmí kọ wà lọ́wọ́ ẹ̀, nínú ọ̀rá.

"Kà á fún mi," ló ní.

"Kí ni kí n kà?"

"Ọjọ́ tí uncle mi ra ọkọ̀."

Kànmí wò ó. 17/3/70. Ó ní, "Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta."

"Amẹ́ríkà la wà. Oṣù là ń kọ ṣáájú níbí. Àti ìyá ìyá mi, àti aṣọ́bodè, àti ọmọ jéléósinmi, oṣù ni gbogbo wa ń kọ́kọ́ kọ. Nínú ìwé yìí, oṣù kẹtàdínlógún ni James ra ọkọ̀. Oṣù wo nìyẹn?"

"Bóyá akọ̀wé wọn..."

"Akọ̀wé wo? Ní Georgia, ní 1970?" Joanna ò tiẹ̀ pariwo. "Hospital ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń to ìwé àwọn aláìsàn. Nọ́ọ̀sì kan wà lọ́dọ̀ wa láti ìlú yín, Ìbídàpọ̀ lorúkọ ẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó yé kọ ọjọ́ ṣáájú oṣù fún mi. Láàárọ̀ yìí ni mo tún ìwé ẹ̀ kan ṣe, ni nǹkan kan bá sọ pé kí n lọ wo ìwé tìẹ."

Ṣé o rí i? Ọkùnrin tó lè tan gbogbo àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ọkọ̀ Georgia jẹ, ọwọ́ tí tíṣà ẹ̀ fi kọ́ ọ ní ọjọ́ kíkọ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló tú u fó. Kò tiẹ̀ rò ó. Ta ló máa ń ro bó ṣe ń kọ ọjọ́?

Joanna ní, "Ìbéèrè kan ṣoṣo. Kí ló jẹ́ ti James lára ọkọ̀ yẹn?"

Kànmí ṣí ẹnu láti parọ́. Irọ́ tí kì í wọ́n ọn rí, kò rí ọ̀kan mú.

"Irin nọ́ńbà yẹn nìkan."

"Ìyókù ńkọ́?"

Ó sọ fún un. Ó sọ nípa oko, igi, àti ẹ̀rọ. Joanna wá nǹkan jókòó lé, táyà kan ló rí.

"Dókítà ní ọ̀sẹ̀ kan ló kù, bóyá méjì. Gbogbo ẹni tó bá wọlé wá kí i ló ń sọ fún pé ọkọ̀ James ti padà wálé. Ó ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sin òun. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ń bọ̀ lẹ́yìn, má da ara ẹ láàmú. Èmi ò lè sọ fún bàbá mi. Ìwọ lo máa wá sọ fún un. Bàbá mi kì í parọ́. Kò ní gbé irọ́ ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀."

Ó sì lọ.

Ní Wẹ́sìdeè, Kànmí wẹ̀, ó wọ aṣọ tó dáa, ó wakọ̀ dé Riverdale. Ó dé ilé epo tó wà ní kọ́nà ilé Eli, ó ra ṣíngọ́ọ̀mù, ó yí padà. Ní Tọ́sìdeè, ó ní ọ̀dà kan wà tí òun gbọ́dọ̀ kùn kó má baà gbẹ. Ní Fúráìdeè, ó ní òjò ń rọ̀. Òjò yẹn ò pọ̀ tó itọ́ ọmọ tó ń hu eyín.

Ní Sátidé, Déolú wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Kànmí ò ṣí géètì fún oníbàárà kankan lọ́jọ́ yẹn. Orí páálí ló jókòó sí.

"Ṣìkẹ́mi ní o ò jẹun láti Túsìdeè."

"Ebi ò pa mí."

"Ìwọ? Ìwọ tó máa ń jẹ ìrẹsì bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já àwo gbà lọ́wọ́ ẹ̀?"

Kànmí ò rẹ́rìn-ín. Ó sọ gbogbo ẹ̀ fún un, kò yọ nǹkan kan sílẹ̀. Déolú gbọ́ ọ dé òpin.

"O ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pa?"

"Mo dúró wò ó."

"Kànmí."

"Ṣé kí bàbá yẹn má kú pẹ̀lú ayọ̀ ẹ̀ ni? Ó ń rẹ́rìn-ín, Déolú. Ṣé kí n lọ gba ẹ̀rín lẹ́nu aláìsàn?"

"Ṣé ẹ̀rín ẹ̀ lò ń ṣọ́, àbí ojú tara ẹ?"

Kànmí ní, "Mo gbàdúrà lánàá. Èmi, Kànmí. Ṣé o mọ ohun tí mo béèrè? Mo ní kó tètè kú. Kí n má baà lọ. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi. Déolú, mo ti ń pe nǹkan ní oríjínà láti ogún ọdún, mi ò mọ̀ pé ohun tó wà nínú èmi nìyẹn."

Déolú ò gbá a mọ́ra. Ó jókòó tì í lórí páálí. "Jésù ti mọ̀. Ọjọ́ tó o dúró lábẹ́ igi yẹn, Ó wà níbẹ̀. Kì í ṣe fún Kànmí tó ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nínú parking lot ló ṣe kú. Ẹni tó wà lábẹ́ igi yẹn gan-an ló kú fún. Tó o bá fẹ́ Ẹ, ẹni yẹn ni kó o gbé wá fún Un, má kun ún lọ́dà. Àmọ́ o ò lè sá sẹ́yìn Jésù nítorí bàbá yẹn. Dìde, ká lọ báyìí."

"Lọ́la. Jọ̀ọ́. Jẹ́ ó di ọ̀la, mo bẹ̀ ẹ́."

Déolú gbà. Títí dòní, ó ṣì ń bi ara ẹ̀ léèrè ìdí tó fi gbà.

Ní Sọ́ńdè, àwọn méjèèjì lọ sí Riverdale. Wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì Eli sí ẹ̀gbẹ́ wíńdò, kó lè máa wo ọkọ̀ náà níta. Ọ̀pá afẹ́fẹ́ wà ní imú ẹ̀. Nígbà tó rí Kànmí, ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ọkùnrin mi," ló ní.

Títí débí, mo ti bù mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, o ti mọ̀. Èyí tó kù yìí, mi ò bù mọ́ ọn.

Kànmí kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Bàbá, irọ́ ni ọkọ̀ yẹn. Èmi ni mo ṣe é. Èmi ni mo mu sìgá sínú ẹ̀. Mo rí ti James ní Alabama. Ó ti dógùn-ún. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pa."

Eli ń wò ó.

"O rí i."

"Mo rí i, sà."

"Ìjókòó yẹn, ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Síprín­gì ẹ̀ nìkan, sà."

"Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀."

Eli mí, ó sinmi, ó tún mí. "Síprín­gì yẹn lò bá gbé wá fún mi."

Eli wo ọkọ̀ tó wà níta.

"Ilẹ̀ ibẹ̀ ńkọ́? Igi yẹn?"

"Ó ṣì wà, sà."

"Gbé mi lọ síbẹ̀."

Joanna mi orí. "Daddy, ẹ ò lè lọ."

"Mo lè lọ." Ó gbìyànjú láti dìde. Èjìká ẹ̀ kúrò lórí ìrọ̀rí díẹ̀, ó sì padà síbẹ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn èyí, kò gbìyànjú mọ́.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Eli ò wo ibi tó wà mọ́. Ó ní, "Joanna, bá mi fa kọ́tìnì yẹn." Joanna fà á. Yàrá náà ṣókùnkùn. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí Kànmí gbọ́ lẹ́nu Eli kẹ́yìn.

Joanna sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ó dá rìn dé ibi mailbox, ó sì dá rìn padà. Ká ní o wá sọ fún un ní Wẹ́sìdeè, ǹ bá ti gbé e lọ sí Alabama." Ó ti ilẹ̀kùn.

Eli kú ní Túsìdeè. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan nínú pósí ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn, nígbà tí Joanna ti ilẹ̀kùn tán, Kànmí ò lè dé ibi ọkọ̀ wọn. Orí koríko iwájú ilé Eli ló wó sí. Ó ní, "Kò dárí jì mí."

Déolú ní, "Kò dárí jì ẹ́. Mi ò ní parọ́ fún ẹ pé ó máa dárí jì ẹ́."

"Kí ló wá kù fún mi?"

"Nínú ohun tó jẹ́ tìẹ, kò ku nǹkan kan. Jésù ló kù."

Kànmí fi ojú bo ilẹ̀. Àdúrà ẹ̀ ò gùn, kò sì dùn-ún gbọ́. Ó ní, "Jésù, èmi ni mo ṣe é. Mi ò lè tún un ṣe. Mi ò ní nǹkan tí mo máa fi bẹ̀ Ẹ́. Ṣàánú mi." Ó tún un sọ títí ohùn ẹ̀ fi há. Jésù sì gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ló ti yí padà, lórí koríko, nígbà tí ẹni tó ṣẹ̀ ṣì wà láàyè lẹ́yìn kọ́tìnì, tí kò fẹ́ rí i.

Mo mọ ohun tó ò ń retí. Ò ń retí kí n sọ pé Joanna gbá a mọ́ra níbi ìsìnkú. Wọn ò jẹ́ kó wọ ibẹ̀. Ó ti kọ lẹ́tà sí gbogbo ẹni tó ta ọkọ̀ ẹ̀tàn fún, ọ̀pọ̀ lára wọn ti gbé e lọ sí kóòtù. Ṣọ́ọ̀bù ti tì. Ó fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ bá àwọn ọlọ́pàá, ó kó irinṣẹ́ tó fi ń lu nọ́ńbà lé wọn lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ pé nígbà tó o bá ń ka ìwé yìí, ó ti wà lẹ́wọ̀n. Àwọn tó máa ń yọ́ jáde wá wo bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kì í kí i mọ́. Ó ń wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí. Tí wọ́n bá ń kọrin, ẹnu ẹ̀ kì í ṣí, omi ló máa ń jáde lójú ẹ̀. Tó o bá bi í bóyá ọkàn ẹ̀ ti fúyẹ́, á ní rárá. Tó o bá bi í bóyá Jésù ti gbà á, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Méjèèjì ló ń sọ, kò sì parọ́ níbì kankan.

Ìwọ ńkọ́?

Má sọ fún mi pé o ò ní ọkọ̀ àtijọ́. Mi ò bi ẹ́ ní ti ọkọ̀. Ìwé tó o fi ń gba iṣẹ́ yẹn, ta ló ni orúkọ tó wà lára ẹ̀? Ìyàwó tó o fẹ́ nítorí ìwé ìgbélùú, tó rò pé o fẹ́ràn òun, ṣé o ti sọ òótọ́ fún un? Màmá ẹ tó wà nílé tó ń dá sàárà nítorí pé o ní o ti di dókítà, ṣé o ti sọ fún un pé ilé ìkóǹkanpamọ́ lò ń ṣọ́? O ti kun ara ẹ lọ́dà, o dán. Àwa ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ fún ẹ. Ẹni tó dá ẹ mọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn.

Ẹnì kan wà tó ò ń sọ fún ara ẹ pé lọ́la ni wàá lọ bá. Ara ẹni náà ń rẹ̀ ẹ́ báyìí tí ò ń kàwé. Wàá lọ lọ́la, wàá sì bá a ní ààyè, àmọ́ kò ní lè bá ẹ lọ síbì kankan mọ́. Mi ò ṣèlérí pé á dárí jì ẹ́. Mi ò mọ̀ ọ́n.

Ẹni tí mo mọ̀ ni Jésù. Ó gbé ẹ̀ṣẹ̀ ẹ lórí igi àgbélébùú, ó kú, ó jíǹde. Kò béèrè pé kó o tún ara ẹ ṣe kó o tó wá. O ò lè tún un ṣe. Ó ní kó o wá bó o ṣe wà, pẹ̀lú òótọ́ lẹ́nu. Á gbà ẹ́ lónìí. Kò sí ẹni tó fi ọ̀la lé ẹ lọ́wọ́.

Sọ ọ́ jáde lẹ́nu níbi tó o wà, ì báà jẹ́ èdè wa, ì báà jẹ́ tiwọn: "Jésù, èmi ni mo ṣe é. Ṣàánú mi. Gbà mí." Lẹ́yìn náà, gbé fóònù ẹ, kó o pe ẹni yẹn. Mi ò bá ẹ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Pè é nísinsìnyí, nígbà tó ṣì lè gbé e.